Eclipse gbà á, Maven kọ̀ ọ́

Lọ́jọ́ Ẹtì kan ni mo parí test kan, kóòdù tó ń yẹ kóòdù mìíràn wò, nínú Eclipse tí mo fi ń kọ Java. N kò fẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ gidi já mọ́ àwọn oníbàárà lọ́wọ́, ni mo bá fi Mockito, àkójọ kóòdù tí wọ́n fi ń ṣe ayédèrú nínú test, ṣe ayédèrú olùfiránṣẹ́:

when(olufiranse.firanse(any())).thenReturn(true);

Gbogbo ẹ̀ yọ àwọ̀ ewé, ó yege. Mo ti kóòdù sókè, ó di ilé. N kò tíì dé ibùdókọ̀ tí ọ̀gá mi fi pè: Maven, tó ń kó kóòdù wa jọ di odindi, kọ̀ ọ́ lórí sáfà. Ohun tó kọ síta nìyí:

incompatible types: Object cannot be converted to List<String>

Compiler, ìyẹn ètò tó ń túmọ̀ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, ni mo kọ́kọ́ fura sí. Eclipse kì í lo javac, compiler tó bá Java wá. Ó ní tiẹ̀, ECJ, tí wọ́n kọ lọ́tọ̀. Javac ni Maven ń pè ní tiwa. Àwọn méjèèjì a sì máa jiyàn lórí generics, bíi List<String> yìí, nígbà mìíràn, ìfura mi kì í ṣe lásán. Àmọ́ kí n tó di ẹ̀bi rù ú, mo ṣí iṣẹ́ náà nínú IntelliJ, ohun èlò mìíràn bí Eclipse, torí ibẹ̀ lèèyàn ti lè yan èyí tó wù ú nínú méjèèjì. Mo fi sí Javac: pupa. Mo fi sí Eclipse: pupa náà ni.

Háà! Compiler tó gbà á lọ́hùn-ún ló tún kọ̀ ọ́ níbí?

Inú pom.xml, fáìlì ètò Maven, ni ọ̀rọ̀ wà: source 1.7, ìyẹn Java 7. IntelliJ ka pom, ó tẹ̀ lé e. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi yí Eclipse sí 1.8, ìyẹn Java 8, nígbà tí mo ń dán lambda (ọ̀nà kúkúrú láti kọ function) wò, tí mo sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ẹ wò ó, kò sí nǹkan kan nínú àkámọ́ any() tí compiler lè fi mọ irú ohun tó jẹ́. Java 7 á kàn pè é ní Object. Java 8, tó jáde ní 2014, á kọ́kọ́ wo ohun tí firanse ń retí, á sì mú List<String>.

Ọ̀gá ò gbà kí n gbé pom sókè. Oníbàárà kan ṣì wà lórí Java 7. Mo bá dárúkọ irú rẹ̀ fún compiler:

when(olufiranse.firanse(Mockito.<List<String>>any())).thenReturn(true);

Kò dùn ún wò, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ò lè yọ "Mockito." yẹn kúrò, import static, tó máa ń jẹ́ ká kọ any() láìdárúkọ Mockito, ò ràn án. Mo dá Eclipse padà sí 1.7, mo tún kóòdù tì. Lọ́tẹ̀ yìí mo dúró ti Maven títí ó fi parí kí n tó gbé báàgì.