Bẹ́ẹ ṣe lè gé gáùn kọ́tìn ayé àtijọ́ fúnra yín

Gáùn ìgbà 1950 yẹn, èyí tó fún ní ìbàdí tó wá fẹ̀ gbàgà nísàlẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá ra pátáànì, ìyẹn bébà tí wọ́n ti ya ìwọ̀n aṣọ sí. Ẹ kọ́kọ́ fọ kọ́tìn yín kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ o, torí ó máa ń súnkì. Yáàdì 5 máa tó.

Síkẹ́ẹ̀tì niṣẹ́ wà: ẹ wọn ìbàdí, ẹ fi 6.28 pín in, ká ní ínṣì 30 ni, ẹ máa rí bíi 4.8, ẹ yọ ààbọ̀ ínṣì fún ojú rírán, ẹ wá di ẹnu téèpù mú sí igun bébà bí okùn ewúrẹ́ lára èèkàn, kẹ́ ẹ máa yí i, kẹ́ ẹ máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi nọ́ńbà tó kù yẹn lórí téèpù. Bẹ́ẹ náà lẹ máa ṣe fún gígùn ẹ̀, àmọ́ ibi àmì àkọ́kọ́ yẹn lẹ ti máa ka gígùn ẹ̀, kì í ṣe láti igun. Ẹ gbé bébà yẹn sórí aṣọ tẹ́ ẹ ṣẹ́ po, kí etí ẹ̀ kan wà lójú ibi tẹ́ ẹ ti ṣẹ́ ẹ, ẹ gé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi ínṣì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

Tòkè ò le, dáàtì méjì (ibi tẹ́ ẹ máa ṣẹ́ po kẹ́ ẹ rán kó lè fún) lábẹ́ ọyàn, síìpù lábẹ́ apá òsì.

Tẹ́ ẹ bá rán an pọ̀ tán, ẹ fi kọ́ háńgà fún odidi ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó ká etí ẹ̀, torí ibi tí òwú aṣọ bá ti dagẹ̀rẹ̀ máa fà wálẹ̀. Mo kánjú ká tèmi nígbà kan, ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju ìkejì lọ.