Bí A Ṣe Ń Ṣe Taya Aláìláfẹ́fẹ́ fún Kẹ̀kẹ́ Márúwá: Kó Dúró Dáadáa, Kó Rẹwà, Kó Má Pariwo

Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán taya aláìláfẹ́fẹ́, sípóòkù ló sábà máa ń kọ́kọ́ yà, pàápàá èyí tó rí bí afárá oyin. Ibẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀já tó yí sípóòkù ká, tó wà lábẹ́ ojú taya, ni taya gan-an. Okùn lásán ni sípóòkù, òun ni kẹ̀kẹ́ fi so rọ̀ mọ́ ọ̀já náà. Ọ̀já tó bá burú, kò sí sípóòkù tó lè tún un ṣe.

Michelin, ilé iṣẹ́ taya, fi Tweel, taya aláìláfẹ́fẹ́ tirẹ̀, han aráyé ní 2005. Ariwo àti gbígbọ̀n nígbà tí eré bá ti kọjá 80 km ní wákàtí kan ló dà á láàmú, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ń rọra rìn, bí ẹ̀rọ ìkóyẹ̀pẹ̀ àti ti ìgékoríko, ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á fún. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kì í sá tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ tiwa fúyẹ́ díẹ̀.

Taya 4.00-8 ni kẹ̀kẹ́ ń lò. Láti àárín rẹ̀ dé ojú rẹ̀ tó nǹkan bí 200 mm. Kẹ̀kẹ́ tó kún fún èrò lè wọn nǹkan bí 700 kílò. Bí a bá pín in sí mẹ́ta, taya kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bí 235. Ẹ fi iye yìí ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n kí ara taya lè gba ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ láìjá, nítorí kòtò.

Ọ̀já

Ìpele mẹ́ta ni: waya irin nísàlẹ̀ (lápá sípóòkù), rọ́bà líle láàárín, waya irin lókè (lápá ojú taya). Waya kì í nà. Nígbà tí ọ̀já bá kanlẹ̀ tó fẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, waya òkè kò lè kúrú, ti ìsàlẹ̀ kò lè gùn, rọ́bà àárín ló máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó ṣe ń ṣagídí láti má yẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe nínú taya tí a mọ̀. Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

P = G × h ÷ R

P ni bí ojú taya ṣe ń tẹ ilẹ̀ tó, G ni agídí rọ́bà àárín, h ni bó ṣe nípọn tó, R sì ni láti àárín taya dé ojú rẹ̀. Bí G bá jẹ́ 5 MPa, tí h jẹ́ 10 mm, tí R jẹ́ 200 mm, P á jẹ́ 0.25 MPa, ìyẹn nǹkan bí 36 lójú géèjì fọganáísà. Rọ́bà igi tí líle rẹ̀ tó 85 lórí Shore A, òṣùwọ̀n líle rọ́bà, máa ń sún mọ́ G yìí. Ẹrù 235 kílò, tí í ṣe 2,300 newton, á wá nílò 9,200 mm² lórí ilẹ̀. Bí ojú taya bá fẹ̀ tó 90 mm, gígùn ibi tó kanlẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 102 mm.

Ẹ má rò pé kí rọ́bà kàn nípọn sí i ló dáa. Bí h bá di 20 mm, ibi tó kanlẹ̀ á dín kù sí ìdajì, kẹ̀kẹ́ á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún bíi pé igi ni taya rẹ̀. Bó bá sì rọ̀ jù, ọ̀já á máa rún wọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń yà, á gbóná, á sì máa fa epo. Waya kí ó jẹ́ ìpele méjì-méjì, kí ọ̀kan dagun díẹ̀ sọ́tùn-ún, kí èkejì dagun bákan náà sósì. Bí gbogbo wọn bá dagun síbì kan, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Sípóòkù

Ojú taya yìí ká, ó jẹ́ 1,257 mm. Sípóòkù 40 á fi àlàfo 31 mm sáàárín ara wọn, tí mẹ́ta á fi máa wà lórí ibi tó kanlẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá fi 20 ṣe é á rí i pé taya di onígun, ojú rẹ̀ á máa jẹ lójú kan ju òmíràn lọ.

Àwọn tó wà lókè ló ń gbé ẹrù. Wọ́n ń nà. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń ká. Sípóòkù tó bá tọ́ gbọnrangandan á kọ́kọ́ kọ̀ láti ká, lẹ́yìn náà á ká lójijì, ìró rẹ̀ á sì máa ta tà-tà-tà. Nítorí náà, ẹ ti dá a tẹ̀ láti inú mọ́ọ̀dù. Láàárín ìdí táyà, ìyẹn irin àárín tí sípóòkù so mọ́, àti ọ̀já jẹ́ 66 mm. Kí àárín sípóòkù yọ síta ní 5 mm. Títẹ̀ yìí fi 1 mm kún gígùn rẹ̀, ìyẹn ni pé kẹ̀kẹ́ á lọlẹ̀ ní 1 mm kí sípóòkù òkè tó dì í mú. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó 8 mm, á di 2.6 mm, kẹ̀kẹ́ á sì máa fì bó bá ń yà ní oríta.

Ẹ ṣe sípóòkù ní ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 40 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, 45 mm ní ìbú, 4 mm ní nínípọn. Kí gbogbo ti ìlà òsì tẹ̀ síwájú, kí ti ọ̀tún tẹ̀ sẹ́yìn. Bí ìlà méjèèjì bá tẹ̀ síbì kan náà, ìdí táyà á máa yí díẹ̀ sínú ọ̀já nígbà tí a bá tẹ búréèkì. Ẹ má sì jẹ́ kí sípóòkù tó wà nínú ìlà kan náà dojú kọ ara wọn. Tó bá ká ní 10 mm, àárín rẹ̀ á yọ tó 15 mm, àlàfo ibẹ̀ kò sì ju 22 mm lọ. Wọ́n á máa gbá ara wọn.

Ariwo

Ní 45 km ní wákàtí kan, taya ń yí nǹkan bí ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sípóòkù 40 á fi ìró 400 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, gbogbo rẹ̀ ohùn kan ṣoṣo, tó ń kùn bí oyin inú agolo. Ohùn kan ṣoṣo yìí ló ń da etí láàmú, kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó.

Àtúnṣe àkọ́kọ́: ẹ sún ìlà ọ̀tún síwájú ní ìdajì àlàfo, kó má bàa kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ti òsì. Èkejì: ẹ má jẹ́ kí àlàfo dọ́gba. Dípò 9° fún gbogbo wọn, ẹ lo 8.1° ní ìgbà 13, 9° ní ìgbà 14, 9.9° ní ìgbà 13. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 360° géérégé. Ẹ dà wọ́n pọ̀ láìsí ètò tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan kò wúwo ju èkejì lọ. Bí ìyàtọ̀ bá kọjá 10 nínú 100, ibì kan á rọ̀ lára taya, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á sì máa gbọ̀n ní gbogbo ìgbà tó bá yí dé ibẹ̀.

Ojú taya náà ní tirẹ̀. Kí ìlà rẹ̀ dagun ní 30° sí 45°, kí iye búlọ́ọ̀kù rẹ̀ má sì jẹ́ 40. 53 dára, kí ohùn tiwọn má bàa pàdé ti sípóòkù.

Dídà á

Polyurethane, irú rọ́bà tí a ń dà sínú mọ́ọ̀dù, tí líle rẹ̀ tó Shore A 95, la fi ń da sípóòkù. Ẹ fi yanrìn họ irin ìdí táyà, kí ẹ sì kùn ún ní práímà lọ́jọ́ kan náà. Bó bá sùn mọ́jú, ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀já náà ń fẹ́ híhọ àti práímà. Omi ni ọ̀tá: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń sọ polyurethane di olójú-ihò, nítorí náà ẹ mú gbogbo nǹkan gbóná dé 100 °C, kí ẹ fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kúrò kí ẹ tó dà á. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń fẹ́ wákàtí 16 ní 100 °C. MOCA, tí wọ́n fi ń mú un le, lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ìbọ̀wọ́, ìbòjú, àti ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ dáadáa kì í ṣe àfikún.

Bó bá ń tutù, ó ń sún kì, ó lè tó 1 mm lára sípóòkù wa. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ àti òkè sípóòkù fi gbọ́dọ̀ yípo ní 6 mm. Igun mímú níbẹ̀ ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi omi tù ú.

Ìrísí

Polyurethane funfun tó wọ́pọ̀ máa ń pọ́n bíi pupa inú ẹyin nínú oòrùn, kò pẹ́ rárá. Ẹ fi èédú taya pò ó kó dúdú, kí ẹ fi àwọ̀ sára ìbòrí dípò rẹ̀. Ìbòrí rọ́bà 2 mm lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ń fi ẹwà kún un, ń dènà ẹrẹ̀ pupa tó máa ń há sáàárín sípóòkù, ó sì ń dín ìró afẹ́fẹ́ kù. Ìdí táyà nìkan ni kí ẹ dè é mọ́, kí ẹ fi 15 mm sílẹ̀ sí ọ̀já, kí ẹ sì lu ihò kéékèèké sí i kí omi lè jáde. Ìlà ibi tí mọ́ọ̀dù ti pàdé kí ó bọ́ sí etí, kó má bọ́ sórí sípóòkù.

Ìdánwò

Ẹ gbé 235 kílò lé e, kí ẹ wọn bó ṣe tẹ̀ tó. 8 sí 12 mm ló dára. Ẹ yí i ní 15°, ẹ tún wọn, títí yóò fi yí ká. Bí iye kan bá fi ju 0.5 mm yàtọ̀ sí òmíràn, ẹ má gbé e sórí kẹ̀kẹ́.

Lẹ́yìn náà, láìgbé èrò, ẹ sá a ní 20 km ní wákàtí kan fún ìdajì wákàtí, kí ẹ fi tẹmómítà alátànná wo ìsàlẹ̀ sípóòkù àti ọ̀já. Bó bá kọjá 70 °C, rọ́bà àárín ń yẹ̀ jù tàbí ó ń mú ooru sára jù. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fi kún eré. Kílómítà kan jẹ́ nǹkan bí yíyí 796, nítorí náà ní 10,000 km sípóòkù kọ̀ọ̀kan á ti ká nǹkan bí mílíọ̀nù 8 ìgbà. Ẹ máa ṣí ìbòrí lóòrèkóòrè, kí ẹ fi ìka tọ́ ìdí wọn wò. Èyí tó bá ti sán níbẹ̀, kò ṣeé lẹ̀ mọ́, odidi taya ni kí ẹ yọ.