Bí ilé-iṣẹ́ ìjọba ṣe lè gba ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà lórí àdéhùn iṣẹ́

Ó ti pẹ́ tí òfin Nàìjíríà ti fàyè gba ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà: ó wà ní abala 93 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011. Abala 17 nínú òfin tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015, sọ pé ó múlẹ̀ lórí ọjà rírà àti káràkátà mìíràn, àti pé ẹni tó bá ń jiyàn ìbuwọ́lùwé náà ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ìwé ìhágún, ìwé ìbí àti ìwé ikú wà lára ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀. Iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kò sí níbẹ̀.

Àwòrán ló ń ba nǹkan jẹ́ ní ọ́fíìsì. Wọ́n á ya ìbuwọ́lùwé ọ̀gá, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ó parí. Ẹni tó bá rí lẹ́tà náà gbà lè gé àwòrán yẹn mọ́ ìwé mìíràn. Ẹ lo áàpù tó ní sàtífíkéètì (ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà tó ń fi ẹni tó buwọ́ lùwé hàn), tó ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí sínú fáìlì fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó pe àwọn agbaṣẹ́ṣe, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìdíje fún iṣẹ́ náà (tender): “Àwa méjèèjì gbà pé ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà dè wá bíi ti orí bébà.” Ẹ dárúkọ ẹni tó láṣẹ láti buwọ́ lùwé, pẹ̀lú ìméèlì rẹ̀. Kóòdù tí áàpù fi ń dá ẹni tó fẹ́ buwọ́ lùwé mọ̀ gbọ́dọ̀ wọlé sórí fóònù ọ̀gá fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé akọ̀wé rẹ̀ ló mọ páásíwọ́ọ̀dù, ọ̀gá lè sọ lọ́la pé òun kọ́.

Ẹ kó iye owó, àwòrán iṣẹ́ àti ètò ìsanwó pọ̀ sínú PDF kan, kí ẹ fi nọ́ńbà sí ojú ewé, kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lù ú. Áàpù máa ń ṣírò gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì di àmì kan (ti SHA-256, ọ̀nà ìṣírò kan tó wọ́pọ̀, jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64). Bí kọ́mà kan bá yí, àmì náà yí pátá. Inú fáìlì yẹn kan náà ni agbaṣẹ́ṣe yóò ti buwọ́ lùwé. Bó bá tẹ̀ ẹ́ jáde, tó tún ṣe sícáànù rẹ̀, àwòrán ló dá padà. Ẹ̀ka tó bá fẹ́ràn òǹtẹ̀, kó lù ú sórí ẹ̀dà bébà.

Bí wọ́n bá ti buwọ́ lùwé tán, ẹ ṣí fáìlì náà nínú Acrobat Reader, áàpù tí wọ́n fi ń ka PDF. Àmì pupa ní kí ẹ dúró. Àmì ìyanu aláwọ̀ ìyeyè sábà máa ń túmọ̀ sí pé áàpù kò mọ ilé-iṣẹ́ tó fúnni ní sàtífíkéètì. Kò fi hàn pé ẹnìkan ti yí ìwé náà. Ẹ rí i pé àmì àkókò (tó ń fi ìgbà tí wọ́n buwọ́ lùwé hàn) wà níbẹ̀, torí ọjọ́ sàtífíkéètì máa ń parí.

Ẹ tọ́jú fáìlì náà gan-an síbi méjì. Tọ́rọ̀ bá dé kóòtù, abala 84 Òfin Ẹ̀rí ń béèrè ìwé láti ọwọ́ ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà náà, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà yẹn. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé òṣìṣẹ́ náà lọ sí ẹ̀ka mìíràn.