Bẹ́ ẹ ṣe máa mú kí máṣíìnì índọ́sítíríà rọra, kó lè rán awọ dáadáa

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe bàtà, bàgì, pọ́ọ̀sì àti ìgbànú nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, ní Mushin o, ní Ìdúmọ̀tà o, ibi yòówù kẹ́ ẹ wà l'Ékòó. Ohun tó ń dààmú ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n ra máṣíìnì ńlá tán, wọ́n gbé awọ sábẹ́ ẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ kan pẹ́dàlì díẹ̀ báyìí, kí wọ́n tó ṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ ti sáré kọjá kọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti yà. Tó bá jẹ́ aṣọ ni, ẹ lè tú u kẹ́ ẹ tún un rán, ihò á pa dé. Awọ ò mọ ìyẹn. Ihò tẹ́ ẹ bá ti lu sára ẹ̀, ó wà níbẹ̀ nìyẹn, oníbàárà á sì rí i.

Kí máṣíìnì kàn rọra nìkan ò tó o. Ó gbọ́dọ̀ rọra, kó sì tún lágbára láti gún awọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ làwọn tó ń ta ọjà kì í ṣàlàyé fún yín, bọ́tìnì tẹ́ ẹ máa yí ni wọ́n á fi hàn yín, wọ́n á ní "ẹ wò ó, ó ti rọra," wọ́n ò ní gbé awọ sábẹ́ ẹ̀ lójú yín.

Irú máṣíìnì wo ló wà lọ́wọ́ yín?

Máṣíìnì tí télọ̀ fi ń rán áńkárá, irú Juki DDL-8700, wọ́n ṣe é kí abẹ́rẹ́ ẹ̀ lè gún aṣọ nígbà 5,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Eyín tó wà lábẹ́ nìkan ló ń fa aṣọ lọ. Ó lè rán awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe láníì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá to awọ méjì lé ara wọn tẹ́ ẹ wá ki fóòmù sáàárín, ti ìsàlẹ̀ á máa lọ, ti òkè á dúró, tẹ́ ẹ bá fi máa dé òpin, ọ̀kan á ti gùn ju èkejì lọ. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa mú un rọra tó tí ìyẹn á fi tán, ẹ má náwó sí i.

Èyí tó bá awọ mu ni walking foot, bíi Juki DNU-1541 tàbí Consew 206RB, tí ẹsẹ̀ òkè, abẹ́rẹ́ àti eyín ìsàlẹ̀ jọ ń gbé awọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun náà ń sáré o, DNU-1541 lè gún nígbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ṣì ti pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ yí etí pọ́ọ̀sì. Singer 29K táwọn tó ń tún bàtà ṣe ń lò ńkọ́? Ìyẹn ti rọra láti ilé ẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì lè kọjú síbi tó bá wù yín. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún bàtà, ẹ má so mótọ̀ mọ́ ọn.

Mótọ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wolẹ̀ kẹ́ ẹ wo àmì irin tó wà lára mótọ̀ lábẹ́ tábìlì. Tòkúnbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà á kọ 110V, 60Hz, tẹ́ ẹ bá ki okùn iná ẹ̀ bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì wa tó jẹ́ 220 sí 240V, èéfín lẹ máa rí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ wá tàrànsífọ́mà, ẹ sì mọ̀ pé iná wa tó jẹ́ 50Hz á dín ìyára ẹ̀ kù díẹ̀, èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń yí nígbà 1,725 ní ìṣẹ́jú kan á máa yí níwọ̀n 1,425. Ti àwọn tó wá láti Yúróòpù tún yàtọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ 380V onífésì mẹ́ta, iná ilé ò lè gbé e, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n máa sọ fún yín ní ọjà ni pé "mótọ̀ wà lára ẹ̀." Ó wà lóòótọ́, àmọ́ ẹ máa ra òmíràn.

Oríṣi mótọ̀ méjì lẹ máa rí. Mótọ̀ clutch ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo látìgbà tẹ́ ẹ ti tan án, tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì, clutch, ìyẹn ohun tó ń so mótọ̀ mọ́ bẹ́líìtì, á gbá a mú, ó di eré. Servo ní tiẹ̀ dákẹ́ ni, ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń yí, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Tí owó bá wà, ẹ ra servo. Tí kò bá sí, ẹ má sunkún, púlì (wíìlì tí bẹ́líìtì ń gba orí ẹ̀ yí) lè ṣe iṣẹ́ ńlá lára clutch náà.

Púlì, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an

Ìṣirò ẹ̀ rọrùn. Ẹ mú iye ìgbà tí mótọ̀ ń yí ní ìṣẹ́jú kan (á wà lára àmì irin yẹn, níwájú RPM), ẹ fi ìbú púlì mótọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi ìbú púlì tó wà lára wíìlì ọwọ́ (èyí tẹ́ ẹ máa ń fi ọwọ́ yí lára orí máṣíìnì) pín in. Ẹ jẹ́ ká ní mótọ̀ yín ń yí nígbà 2,850, púlì ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100, ti wíìlì ọwọ́ jẹ́ 80. Ẹ máa rí i pé abẹ́rẹ́ á gún nígbà tó lé ní 3,500 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ awọ mọ́, ìjà nìyẹn. Ẹ yọ 100 yẹn, ẹ fi púlì 50 sí i, ó máa já wá sí bíi 1,780. Tó bá jẹ́ mótọ̀ oní 1,425 lẹ ní, 890 péré ló máa kù. Púlì kékeré kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo ìyẹn, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mótọ̀ tuntun. Àmọ́ ẹ má lọ kéré ju 50 lọ, bẹ́líìtì ò ní rí ibi gbá mú, á máa yọ̀, á sì máa jóná.

Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ púlì, bẹ́líìtì àtijọ́ máa dẹ̀. Ẹ tú bóòtù mótọ̀, ẹ sún un sísàlẹ̀ títí tí bẹ́líìtì fi le, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín, tó bá wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà kan, ó ti tó. Tí ibi tí mótọ̀ lè sún dé bá ti tán, ẹ fi okùn yí púlì méjèèjì po, ẹ wọn okùn náà, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń ta bẹ́líìtì.

Fún awọ tó nípọn, ìgbànú, bàgì oníṣẹ́ ńlá, ẹ tún máa nílò rẹdúsà. Ọ̀pá irin kan ni, ó wà lórí bẹ́árìn méjì lábẹ́ tábìlì, púlì ńlá kan àti kékeré kan jọ wà lórí ẹ̀. Bẹ́líìtì láti ara mótọ̀ á lọ sára púlì ńlá, bẹ́líìtì kejì á ti ara púlì kékeré lọ sókè sára wíìlì ọwọ́. Ká ní ńlá jẹ́ 180, kékeré jẹ́ 60, ìyára máa lọ sílẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, agbára tí abẹ́rẹ́ fi ń gún á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́ta. 890 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn á di bíi 297, ìyẹn ni pé abẹ́rẹ́ á gún bíi ẹ̀ẹ̀márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dàlì débi tó parí sí. Ọmọ iṣẹ́ gan-an á lè rán an. Wọ́n ń ta rẹdúsà tí wọ́n ti tò pọ̀, àmọ́ ẹni tó bá mọ oníwẹ́dà àti tọ́nà tó mọṣẹ́ lè ra bẹ́árìn àti púlì ní Ládípọ̀ tàbí Owódé Onírin, kí wọ́n bá a ṣe é. Ẹ ṣáà rí i pé púlì méjì tí bẹ́líìtì kan náà so pọ̀ wà lórí ìlà kan, ẹ fi igi gbọọrọ wọn ọ́n, torí tí ọ̀kan bá yà díẹ̀ báyìí, bẹ́líìtì á máa já ní gbogbo ìgbà, ẹ ó máa bú ẹni tó ta bẹ́líìtì.

Tó bá jẹ́ servo

Ẹ má fi ìyára tó ga jù tó bá a dé láti ilé iṣẹ́ lò ó. Ẹ yí i wálẹ̀ sí 600 tàbí 800, kẹ́ ẹ máa gbé e sókè bí ọwọ́ yín bá ṣe ń mọ́ ọn. Wàyí o, ìdí tí mo fi ní bọ́tìnì nìkan ò tó: tẹ́ ẹ bá yí àwọn servo olówó pọ́ọ́kú kan wálẹ̀ gan-an, abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, á fẹnu kan awọ, á dúró síbẹ̀. Mótọ̀ á máa kùn, ẹ̀yin á máa fi ọwọ́ bá wíìlì yí i. Kò bàjẹ́ o. Agbára ẹ̀ ni kò tó ní ìyára kékeré. Púlì 50 àti rẹdúsà ni oògùn ẹ̀, kí mótọ̀ máa yí dáadáa nísàlẹ̀, kí abẹ́rẹ́ máa rọra lókè. Tí servo yín bá jẹ́ èyí tó ń dá abẹ́rẹ́ dúró lókè tàbí nísàlẹ̀, ara wíìlì ọwọ́ ni kí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ (ohun tó ń mọ ibi tí abẹ́rẹ́ wà) wà tẹ́ ẹ bá ti fi rẹdúsà sí i.

Tí wíìlì ọwọ́ bá ń yí lódìkejì, ẹ tètè dá a dúró. Nínú ọ̀pọ̀ máṣíìnì, orí wíìlì gbọ́dọ̀ máa yí bọ̀ sọ́dọ̀ yín. Servo ní ibi tí wọ́n ti ń yí i padà.

Àwọn kan máa ń so rẹgulétọ̀ fáànù mọ́ mótọ̀ clutch. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Iye Hz iná ló ń pinnu bí irú mótọ̀ yẹn ṣe ń yí, tẹ́ ẹ bá dín fóòtì (V) ẹ̀ kù, agbára ẹ̀ ló máa kú, á gbóná, á sì jóná. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná NEPA bá wálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tẹ́ ẹ bá rí i pé gílóòbù pọ́n, ẹ pa mótọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tá à ń pè ní "I pass my neighbour" sì máa ń tiraka pẹ̀lú clutch, torí mótọ̀ yẹn ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Servo kì í fà á tó bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́, òwú, ẹsẹ̀

Abẹ́rẹ́ awọ lẹ́nu bí ọ̀bẹ, ó ń gé ihò ni. Abẹ́rẹ́ tí DNU-1541 ń lò ni DP×17, ti DDL ni DB×1, wọn ò ṣe é fi ara wọn dípò. Òwú náílọ́ọ̀nù Tex 70 (Tex ló ń sọ bí òwú ṣe nípọn tó), abẹ́rẹ́ 18. Tex 90, abẹ́rẹ́ 20. Tex 135, abẹ́rẹ́ 22 tàbí 23. Ẹ fi gígùn ẹsẹ̀ òwú kọ̀ọ̀kan sí mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Àwọn tó máa ń rán an ṣúrú torí wọ́n rò pé yóò lágbára, bí ìgbà tí wọ́n lu ihò sára sítáǹbù ni, ojú ibẹ̀ gan-an ni awọ máa ti ya. Tí òwú náílọ́ọ̀nù bá ń yọ́ tó ń já, ẹ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ (ẹ pa iná ná o), tó bá gbóná, ìyára ló pọ̀ jù.

Ẹ yí tẹ́ńṣàn (ohun tó ń mú òwú le tàbí dẹ̀) títí tí kókó òwú fi máa wà láàárín awọ, kò gbọdọ̀ yọjú lókè tàbí nísàlẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ń fi eyín sára awọ, ẹ dín bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kù. Òróró máṣíìnì funfun lẹ máa fi sí i, kì í ṣe òróró ẹ̀pà, kì í ṣe ẹ́ńjìnì ọ́ìlì, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀kán kan bọ́ sí clutch, á máa yọ̀.

Kẹ́ ẹ tó fi awọ oníbàárà sí i

Ẹ yọ òwú, ẹ ki páálí sábẹ́ ẹ̀, ẹ tẹ pẹ́dàlì títí dé ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ẹ ka ihò ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá fi púlì 50 àti rẹdúsà sí mótọ̀ oní 1,425 bí mo ṣe sọ, ihò tẹ́ ẹ máa kà, kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di ìlọ́po, á tó bíi 74. Tó bá ju ìyẹn lọ dáadáa, ẹ lọ wọn púlì yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá kéré sí i, bẹ́líìtì ló ń yọ̀. Tí clutch yín bá ṣì ń gbá a mú lójijì, ẹ sún ọ̀pá tó so pẹ́dàlì mọ́ ọn jìnnà sí ibi tí apá clutch ti so mọ́ mótọ̀, ẹsẹ̀ yín á ní àyè láti rọra tẹ̀ ẹ́.

Ẹ fi nǹkan bo bẹ́líìtì méjèèjì, pàápàá nílé tí ọmọdé wà, apá agbádá àti gèlè tó ń jábọ́ kò bá ibẹ̀ mu. Mótọ̀ clutch ṣì ń yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa á, ẹ dúró kó dákẹ́ pátápátá kẹ́ ẹ tó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.