Bí A Ṣe Ń Fi Ìwádìí Ojúlé Yẹ Iye Ọmọ Tó Gba Àjẹsára Wò

Bí ìwé bá ní ọmọ tó gba àjẹsára ní Ṣàgámù ju ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ìyá láti Ìkẹ́nnẹ́ lè gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n kà á mọ́ ti Ṣàgámù. Iye ọmọ tí wọ́n ń retí náà, ìkànìyàn ọdún 2006 ni wọ́n fi ń fojú bù ú. Ojúlé ni ká lọ.

Ọmọ oṣù 12 sí 23 ni kí ẹ wá, torí ó yẹ kí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ ti oṣù mẹ́sàn-án. Tẹ́lẹ̀, àdúgbò 30 ni WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní ká mú, ọmọ méje ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlànà wọn ti 2018 ní ká kọ gbogbo ilé sílẹ̀, ká ṣẹ́ kèké, ká mọ ilé tí a ó wọ̀ kó tó di pé a jáde. Èyí ló tẹ́ mi lọ́rùn: ẹni tó bá ń yan ilé fúnra rẹ̀ kò ní dé abúlé oko. Bí ẹ bá bá ilé ní títì, ìyá ọmọ lè wà lọ́jà. Ẹ padà lọ nírọ̀lẹ́, ẹ má fi ilé kejì dípò. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ yẹra fún àsìkò Ojúde Ọba, àlejò pọ̀ nílé.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Sọdíìq. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí káàdì àjẹsára ọmọ.”

“Ó ti gba gbogbo ẹ̀.”

Ẹ má kọ “ó gbà á” sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ ní sùúrù kí wọ́n wá káàdì náà. Bó bá jáde, ẹ ṣọ́ra: ọjọ́ tí ọmọ gba abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n ní kó padà wá, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì sábà máa ń wà. Ẹni tó bá kọ èkejì ti sọ ọmọ tí kò gbà á di ẹni tó gbà á. Ẹ tọrọ àyè, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Bí kò bá sí káàdì, ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n gún un ní itan, kẹ́ ẹ wo àpá BCG, abẹ́rẹ́ tó ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ, ní apá òsì. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa ń ní àpá yìí, nítorí náà ẹ tún lọ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ilé ìwòsàn.

Níkẹyìn, ẹ ya ti káàdì sọ́tọ̀ sí ohun tí ìyá rántí, kẹ́ ẹ sì fi iye ọmọ tó gba Penta 1 wé ti Penta 3, ìyẹn ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kẹta abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn márùn-ún. Bí èyí tó gba àkọ́kọ́ bá pọ̀ tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta sì kéré, àwọn ìyá mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ wádìí ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n padà wá.