Yíyọ Afẹ́fẹ́ Kúrò Nínú Bíréèkì Ọkọ̀ Àtijọ́ Nínú Ọgbà Ilé Wa

Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, tí pẹ́dà rẹ̀ rì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín bíi tìmùtìmù, tí ó sì tún gbé sókè díẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, afẹ́fẹ́ ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Epo bíréèkì kì í fún pọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́, ìdí sì nìyí tí agbára ẹsẹ̀ fi ń gba inú páìpù tín-ín-rín kọjá dé ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ máa ń fún pọ̀. Díẹ̀ tí ó bá wà nínú páìpù ni yóò kọ́kọ́ jẹ lára agbára ẹsẹ̀ yín kí ó tó kan pádì, ìyẹn ohun tó ń fún irin ìdí táyà mọ́ra kí ó lè dúró. Lílé afẹ́fẹ́ yìí jáde, kí a sì fi epo tuntun rọ́pò èyí tó ti gbó, ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bílíìdì.

Ọ̀nà Ìdànrè ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọkọ̀ Peugeot 504 àtijọ́ ni mo ń wà bọ̀ ní Àkúrẹ́, àpò kòkó mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti orí òkè délẹ̀ dípò kí n fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀. Kí n tó dé ibi tó tẹ́jú, pẹ́dà ti di òfìfo. Bíréèkì ọwọ́ ni mo fi rí ọkọ̀ dá dúró. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí tí ohun gbogbo ti tutù, bíréèkì náà padà bọ̀ sípò bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Ohun tó fà á ni pé epo bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. DOT 3 àti DOT 4 ni orúkọ irú epo bíréèkì tó wọ́pọ̀. DOT 3 tuntun kì í hó títí ìgbóná rẹ̀ yóò fi tó 205 ó kéré tán lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè máa hó ní nǹkan bí 140. Ti DOT 4 jẹ́ 230 nígbà tí ó wà ní tuntun, àti 155 nígbà tí omi bá ti wọ̀ ọ́. Bí epo bá sì ti hó, ìfófòó tó ń ti ara rẹ̀ jáde yóò máa fún pọ̀ gẹ́lẹ́ bí afẹ́fẹ́. Nínú ọ̀rinrin ẹkùn wa yìí, ọdún méjì méjì ni mo ń pààrọ̀ tèmi, ì báà jẹ́ pé pẹ́dà ṣì le.

Ọkọ̀ tí kò ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì gan-an) ni àlàyé yìí wà fún, nítorí èyí tó ní in lè nílò kọ̀ǹpútà kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó tán. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ yẹ gbogbo páìpù àti rọ́bà wò, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn táyà kọ̀ọ̀kan bóyá epo ti rin ín. Bí epo bá ń jò níbì kan, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí bílíìdì kò wo jíjò sàn.

Ẹ ra epo bíréèkì irú èyí tí a kọ sórí ìdérí ike tó wà lórí máásítà (ẹ̀rọ tí pẹ́dà ń tì láti fi ti epo sínú páìpù), nínú ìgò tí a kò tíì ṣí rí. Lítà kan tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. DOT 5 kì í ṣe ẹbí DOT 3 àti DOT 4, ẹ má sì ṣe dà wọ́n pọ̀. Ẹ tún wá rọ́bà tó mọ́ gaara, irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń bu omi sí láti fi wọn ìtẹ́jú ilé ṣùgbọ́n tó tín-ín-rín jù ú lọ, kí ó lè fún mọ́ orí nípù, ìyẹn nọ́ọ̀tì kékeré oníhò tó wà lẹ́yìn táyà, tí epo ń gbà jáde. Ike omi kan tí a lè rí inú rẹ̀. Sípánà olórí yíká, láti nọ́ńbà 8 dé 11. Jáàkì, sítáńdì, àkísà, àti omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Omi náà ṣe pàtàkì, nítorí epo yìí máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀, bí ó bá sì ta sí ojú, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kẹrosíìnì, pẹtiróòlù tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fọ ohunkóhun nínú bíréèkì: yóò mú kí àwọn rọ́bà inú máásítà wú, ìnáwó ńlá sì ni yóò tẹ̀lé e.

Àkúrẹ́ kì í ṣe ìlú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ọgbà ilé púpọ̀ ló sì dagun, nítorí náà ẹ wá ibi tó tẹ́jú, kí ẹ fi òkúta sé àwọn táyà tí ẹ kò ní gbé sókè. Bí òjò bá ti rọ ilẹ̀ pupa, ẹ fi pákó tó nípọn tẹ́ abẹ́ sítáńdì. Jáàkì nìkan kò tó fún ẹni tó fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀.

Nípù ni ó máa ń fi ọkọ̀ àtijọ́ hàn. Ìpẹtà ti lè dì í mọ́lẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Ní alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́, ẹ fọ ìdọ̀tí orí rẹ̀ kúrò, ẹ fín òróró ìtúpẹtà sí i, kí ẹ sì fi hámà kékeré gbá a jẹ́jẹ́. Ní òwúrọ̀, ẹ fi sípánà olórí yíká gbìyànjú láti kọ́kọ́ fún un díẹ̀ kí ẹ tó tú u. Yíyí kékeré sí ọ̀tún yẹn sábà máa ń já ìpẹtà. Sípánà ẹlẹ́nu ṣíṣí yóò kàn bó igun orí rẹ̀ ni. Bí nípù bá kọ̀, tí ẹ sì rí i pé ó ti fẹ́ ṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀: yíyọ nípù tó ti ṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọgbà ilé.

Ẹ fi sìríńjì fa epo dúdú tó wà nínú ike máásítà jáde, ẹ da tuntun sí i, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti táyà tó jìnnà sí máásítà jù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àgọ́ ìdarí rẹ̀ wà lápá òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún ló ṣáájú, ẹ̀yìn òsì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà iwájú ọ̀tún, kí iwájú òsì tó kẹ́yìn. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí páìpù wọn dábùú, tí táyà iwájú kan àti ti ẹ̀yìn òdìkejì jọ wà pọ̀. Ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé fún irú wọn. Ní ti píkọ́ọ̀pù tó ní fáàfù (ohun tó ń díwọ̀n epo tó ń kọjá) tó so mọ́ irin ìdí ẹ̀yìn, irin ìdí náà ni kí sítáńdì gbé, nítorí bí táyà ẹ̀yìn bá rọ̀ dirodiro, fáàfù yẹn kò ní jẹ́ kí epo kọjá dáadáa.

Iṣẹ́ ẹni méjì ni, ẹnu ló sì ń ṣe é ju ọwọ́ lọ. Ẹni kan jókòó ní ìdí pẹ́dà, ẹ́ńjìnnì ti kú; ẹni kejì wà ní ìdí nípù, ó ti ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ìdí rọ́bà sì rì sínú epo díẹ̀ nínú ike omi. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni a sábà máa ń ṣe é. Ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá di ẹsẹ̀ mú un, ó ní, “Mo ti dì í mú, sà.” Mo tú nípù ní ìdámẹ́rin yíyípo kan, epo àti ìfófòó tú jáde, pẹ́dà sì rì. “Ó ti lọlẹ̀, sà.” Mo ti nípù pa, mo wá sọ fún un pé, “Gbé ẹsẹ̀.” Kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kí n tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí bí pẹ́dà bá padà sókè nígbà tí nípù ṣì ṣí, afẹ́fẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni yóò fà wọlé. Ọjọ́ tí ó ń fi ọwọ́ kan tẹ fóònù, wákàtí kan gbáko ni a fi tún iṣẹ́ ṣe.

Ẹ fi pákó kékeré sí abẹ́ pẹ́dà kí ó má baà kanlẹ̀ pátápátá. Lójoojúmọ́, rọ́bà inú máásítà kì í rìn dé ìsàlẹ̀, ìpẹtà sì ti lè jókòó síbẹ̀. Bí ẹ bá tì í dé ibẹ̀, yóò ya. Mo ti rí máásítà tó wọlé fún bílíìdì ní ọwọ́ òwúrọ̀, tí ó sì di ohun àtirà ní ọ̀sán.

Lẹ́yìn títẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ da epo kún ike máásítà, nítorí bí ó bá gbẹ, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ máa bá a lọ títí epo inú rọ́bà yóò fi mọ́, tí kò ní ìfófòó kankan mọ́. Ẹ fún nípù dáadáa láì fi agbára ṣẹ́ ẹ, ẹ bò ó, kí ẹ sì kọjá sí táyà tó kàn. Èyí tó bá ti inú rọ́bà jáde kì í tún padà sínú ọkọ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí ó bá ń rì díẹ̀díẹ̀, epo ń jò, tàbí kí rọ́bà máásítà ti gbó. Bí ó bá le ṣùgbọ́n tí ó lọ sísàlẹ̀ jù, ó lè jẹ́ ṣúù dúróòmù ẹ̀yìn (ohun tó ń tẹ inú irin bí ìlù ní ìdí táyà ẹ̀yìn láti dá a dúró) ni ó nílò àtúntò, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ẹ tanná sí ẹ́ńjìnnì: pẹ́dà yóò rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, èyí kò burú. Ẹ kọ́kọ́ dá a wò jẹ́jẹ́ nínú ọgbà àti ní àdúgbò, kí ẹ tó gbé e dé òpópónà Ọba Adésidà, ẹ sì tún wo ìdí nípù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan bóyá wọ́n ṣì gbẹ.