Bí Mo Ṣe Dá Ọwọ́ Tó Fi Íǹkì Sí Ojú-Ìwé Conan Kan Mọ̀

Ojú-ìwé tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí jẹ́ ojúlówó, páálí tí wọ́n fi ọwọ́ ya àwòrán sí fún ìwé ìtàn alálàwòrán (comics) Conan, jagunjagun inú àròsọ, ti ilé iṣẹ́ Marvel ní Amẹ́ríkà, láàárín 1970 sí 1979. Ẹni tó tà á kọ ọ́ pé John Buscema ló fi pẹ́ńsù yà á, pé Alfredo Alcala ló sì fi íǹkì sí i. Ti Buscema kò ní àríyànjiyàn. Ti Alcala ni ara mi kò gbà. Wọ́n ti gé orí páálí náà kúrò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni nọ́ńbà ìwé àti ti ojú-ìwé máa ń wà, nítorí náà kò sí ohun tí mo lè kà lójú ẹsẹ̀ kí n mọ ìdáhùn.

Kí ẹni tí kò tíì rí irú rẹ̀ rí má baà sọnù: iṣẹ́ yìí pín sí ọwọ́ púpọ̀. Onípẹ́ńsù ya àwòrán, alákọsílẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sínú bàlúùnù (àyè róbótó tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú àwòrán máa ń wà), oníńkì wá fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí gègé tẹ̀ lé ìlà pẹ́ńsù, lẹ́yìn náà ni wọ́n pa pẹ́ńsù rẹ́. Íǹkì ni kámẹ́rà ilé ìtẹ̀wé ń rí. Ìlà tó wà lọ́wọ́ ẹ nígbà tó o bá ra ojú-ìwé, ti oníńkì ni. Lórí Conan, ọ̀rọ̀ yìí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ìdúró ara àti ibi tí nǹkan wà nìkan ni Buscema máa ń fi pẹ́ńsù là sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní yà òjìji rárá. Ẹni tó gba páálí náà ni yóò pinnu ibi tí dúdú máa wà. Àwọn mẹ́ta tó ṣeé fura sí, ọmọ Philippines ni gbogbo wọn: Alcala, Ernie Chan àti Tony DeZuniga. A ò sì lè bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Alcala kú ní 2000, Buscema ní 2002, Chan àti DeZuniga ní 2012.

Mo kọ́kọ́ wọn páálí náà. Ní àwọn ọdún 1970, páálí Marvel jẹ́ íǹṣì 11 ní ìbú àti 17 ní gígùn, àwòrán inú rẹ̀ sì jẹ́ 10 ní ìbú, 15 ní gígùn. Kó tó di nǹkan bí 1967 sí 1968, wọ́n ń ya á tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àwòrán nìkan ń lọ sí nǹkan bí 12 ààbọ̀ ní ìbú àti 18 ààbọ̀ ní gígùn. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ 1964 ni, tí rúlà ẹ sì sọ pé 10 àti 15, fura. Tèmi pé 11 ní ìbú, ó sì ku díẹ̀ kó pé 16 ààbọ̀ ní gígùn. Ó bá gígé orí rẹ̀ mu.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo pa iná yàrá, mo fi tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ lórí tábìlì kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa fẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lórí páálí. Ohun tí ò hàn lọ́sàn-án máa yọjú báyìí. Ipa pẹ́ńsù máa hàn bí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà íǹkì, níbi tí oníńkì ti yà kúrò lójú ọ̀nà onípẹ́ńsù díẹ̀. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi bo àṣìṣe máa ga sókè. Dúdú tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn kì í dọ́gba: apá kan á máa dán, apá kan á ṣú, torí búrọ́ọ̀ṣì ń gbẹ, wọ́n sì ń tún un kì bọ íǹkì. Fọ́tòkọ́pì kò ní irú rẹ̀. Dúdú rẹ̀ dán bákan náà káàkiri, tó o bá sì fi awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 wò ó, wàá rí ẹ̀tù wẹ́wẹ́ tó fọ́n ká létí ìlà. Ìlà íǹkì tòótọ́ ń wọnú páálí, etí rẹ̀ mọ́.

Yí i padà. Buscema fẹ́ràn kó máa ya nǹkan tí kò kan iṣẹ́ sẹ́yìn páálí, bóyá láti fi na ọwọ́. Ẹ̀yìn tèmi ní ẹsẹ̀ ẹṣin kan àti orí ọkùnrin méjì ní pẹ́ńsù. Ìyẹn ń gbè é lẹ́yìn pé páálí náà gba ọwọ́ Buscema kọjá, àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa oníńkì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da ẹ̀rí méjèèjì yìí pọ̀.

Síkánà wá kàn. 600 dpi (tóótó 600 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan) ni mo lò, mo sì fi sí aláwọ̀, kì í ṣe dúdú òun funfun, kí pẹ́ńsù aláwọ̀ búlúù tó ṣẹ́kù àti ọ̀dà funfun má baà sá pamọ́. Gíláàsì síkánà A3 fẹ̀ tó íǹṣì 11.7, gígùn rẹ̀ jẹ́ 16.5, nítorí náà odindi páálí 17 kò ní wọ̀ ọ́ tán. Ẹ̀gbẹ́ òfìfo ni kó o jẹ́ kó yọ síta, kì í ṣe àwòrán. Tó bá jẹ́ A4 lo ní, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wàá gbé e, kí apá kọ̀ọ̀kan wọnú ara wọn ní íǹṣì kan ó kéré tán kó tó ṣeé so pọ̀. Má ṣe jẹ́ kó gba inú ẹ̀rọ tó ń fa bébà wọlé fúnra rẹ̀. Páálí náà nípọn, róbà inú ẹ̀rọ yóò sì bó ọ̀dà funfun àti bàlúùnù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn dànù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: wọ́n á gbé ojúlówó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí wọ́n tẹ̀. Kò bára mu. Nígbà títẹ̀, íǹṣì 10 ń sún kì di nǹkan bí 6, bébà olówó pọ́ọ́kú sì ń mu íǹkì. Ìlà méjì tó sún mọ́ra á di ẹyọ kan, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á pòórá. Alcala inú ìwé títẹ̀ lè ṣókùnkùn bí èéfín, nígbà tí ojúlówó rẹ̀ ṣí sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀. Ojúlówó pẹ̀lú ojúlówó ni kó o jọ wò. Mo kó àwòrán ńlá ojú-ìwé 12 jọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, láti inú àkójọ ohun tí Heritage Auctions ti Dallas ti tà ní gbàǹjo, àti láti Comic Art Fans tí àwọn olùkójọ ń gbé tiwọn sí. Kò sí èyí tí mo gbà wọlé láìjẹ́ pé orúkọ oníńkì bá ohun tó wà nínú Grand Comics Database mu, àkójọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú irú ìwé yìí. Ẹni tó ni ojú-ìwé ló ń kọ àlàyé abẹ́ àwòrán fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ẹni tó tà á fún un sọ ló ń tún sọ. Tó o bá ń wá Chan, wá Ernie Chua pẹ̀lú. Àṣìṣe kan nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ló sọ ọ́ di Chua, orúkọ yẹn ló sì wà lórí àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà.

Mo wá gé ìwọ̀n íǹṣì kan níbùú lóòró láti ara àwòrán kọ̀ọ̀kan: irun, èjìká tàbí orúnkún, òkúta ilẹ̀, aṣọ tó ká, èéfín. N kò mú ojú èèyàn rárá. Ojú ni onípẹ́ńsù máa ń parí jù, ojú kan náà ni ọ́fíìsì Marvel máa ń ní kí ẹlòmíì tún yà. Òkúta ni kò sẹ́ni tó ń ṣọ́. Nígbà tí oníńkì bá dé ibi òkúta, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń lò.

Ọwọ́ Alcala dà bí ti agbẹ́nà tó ń fín àwo idẹ. Ìlà rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn, fífẹ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, wọ́n sì ń yí tẹ̀lé ara: tí apá bá ká, ìlà á ká. Kò fẹ́ràn kí àyè kankan ṣófo, kò sì fẹ́ràn dúdú ńlá. Eérú ló kún ojú-ìwé rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á wá yọ láàárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ti Chan yàtọ̀ pátápátá. Ìlà ìta ara lágbára, ó sì pa dé, bíi pé wọ́n fi okùn yí ènìyàn náà ká. Nínú, ìlà kúkúrú kúkúrú tò sí etí òjìji, ó sì fi àyè sílẹ̀. Ohun tó fà á kò ṣòro: láti 1973 ló ti ń fi íǹkì sí ìwé Conan aláwọ̀, àwọ̀ ni yóò sì parí iṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé ìròyìn Conan aláìláwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1974 kò ní olùrànlọ́wọ́ kankan, íǹkì nìkan ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, béèrè irú ìwé tí ojú-ìwé náà ti wá kó o tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, torí Chan ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, ó sì ń fi kún òjìji nígbà tó bá wà nínú èyí tí kò láwọ̀.

DeZuniga ni búrọ́ọ̀ṣì. Ìlà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní sísanra, ó ń parí bí ìrù eku. Ó ń ju dúdú sílẹ̀ ní odidi, etí dúdú náà á sì fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ torí búrọ́ọ̀ṣì tó ti ń gbẹ ló fi fà á. Ìlà ìta ara kì í pa dé: ó máa ń já níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, ojú wa ló ń bá a parí rẹ̀.

Ojú-ìwé tèmi? Irun ọkùnrin tó wà ní àpótí kejì (àpótí ni àyè onígun tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ lójú-ìwé) jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì márùn-ún péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan sanra nídìí tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lórí. Ìlà èjìká já ní ìbú ìka kékeré. Òkúta abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Alcala kọ́, Chan náà kọ́. Àpótí karùn-ún ló wá da nǹkan rú. Odi ìlú tó wà lẹ́yìn níbẹ̀, gègé ni wọ́n fi yà á, ìlà rẹ̀ le, ó dọ́gba, wọ́n tilẹ̀ fi rúlà fa apá kan. Ènìyàn iwájú rẹ̀ ṣì jẹ́ ti búrọ́ọ̀ṣì yẹn.

Ẹ má fi irinṣẹ́ ṣe ìdájọ́, ìkìlọ̀ tó kù lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ẹni tó ń lo búrọ́ọ̀ṣì lè mú gègé fún ilé àti odi, kò sì sọ ọ́ di ẹlòmíì. Ohun tí mo wò ni bí ìlà ṣe ń parí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá máa ń gbé gègé kúrò nígbà tó ṣì ń sáré, orí ìlà á mú. Ti odi yẹn dúró kó tó gbé e, orí ìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì tóótó tí íǹkì kó jọ sí. Ní àpótí mẹ́rin yòókù, n kò rí ẹyọ kan bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ méjì ló wà lórí páálí náà.

Ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì là sí irú nǹkan yìí, ibi tó rọrùn jù láti fi kọ́ ọ ni ìwé New Gods tí Jack Kirby fi pẹ́ńsù yà, 1971. Vince Colletta ló fi íǹkì sí nọ́ńbà 1 sí 4, Mike Royer bẹ̀rẹ̀ láti 5. Onípẹ́ńsù kan náà, ìtàn kan náà, oṣù díẹ̀ ló wà láàárín. Ti Colletta tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ó sì máa ń pa ènìyàn àti ilé tó wà lẹ́yìn rẹ́ kí iṣẹ́ lè tètè tán. Royer kò yọ nǹkan kan, dúdú rẹ̀ nípọn, etí rẹ̀ gé bí abẹ. Wo wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, wàá máa dá wọn mọ̀ láti òdìkejì yàrá. Lẹ́yìn náà, wo íǹkì Terry Austin lórí pẹ́ńsù John Byrne àti ti Klaus Janson lórí pẹ́ńsù Frank Miller. Ìlà Austin dọ́gba bí ti ayàwòrán ilé, ti Janson rí wúruwùru.

Ọ̀rọ̀ inú bàlúùnù ni mo fi wá ìwé náà rí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sórí páálí nígbà náà (láti nǹkan bí 1995 lọ ló ti ń di ti kọ̀ǹpútà, tí ojú-ìwé sì ń jáde láìní ọ̀rọ̀), nítorí náà orúkọ àwọn tó wà nínú ìtàn wà níbẹ̀. Nígbà tí mo rí i, mo wo àpótí kẹta: ọ̀dà funfun bo ṣóńṣó idà kan lórí páálí mi, nínú ìwé títẹ̀ idà náà kò ní ṣóńṣó. Ẹni tó bá fi gíláàsì oníná da àwòrán kọ látinú ìwé kò ní ya ohun tí kò hàn, kò sì ní ìdí láti fi ọ̀dà bo òfìfo. Ìyẹn tó mi.

Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ síwájú ìtàn náà ni Buscema àti The Tribe. Orúkọ yẹn ni DeZuniga àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń lò nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ tí ọjọ́ sì kù díẹ̀, kò sì dárúkọ ẹni tó ya odi.

Páálí náà wà nínú ọ̀rá Mylar (ọ̀rá líle tó mọ́ gaara) báyìí, pẹ̀lú páálí aláìní ásíìdì lẹ́yìn rẹ̀, nínú dùrọ́ọ̀ tí oòrùn kò dé. N kò fi ọwọ́ kan ọ̀dà funfun, n kò sì pa pẹ́ńsù tó ṣẹ́kù rẹ́, torí àwọn ni ẹ̀rí. Kò sí ohun tí mo kọ sí ara páálí. Bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí: Buscema, pẹ́ńsù; DeZuniga, àpótí 1 sí 4 àti ènìyàn inú 5; odi inú 5, àmì ìbéèrè.